Ọ̀run Móoru, gbèsè móoru: ohun tó dé bá Bàbá Sàlá lẹ́yìn 1982

Dárúkọ Bàbá Sàlá aláwàdà láàárín àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn. Bí ẹ̀rín náà bá ti rọlẹ̀, ẹnìkan yóò mi orí, yóò ní, "Àwọn olè fíìmù ló ba ti bàbá yẹn jẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di oríkì rẹ̀. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé ó dá gbogbo ẹ̀bi lé olè lórí, kò sì béèrè bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí sílẹ̀. Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ fíìmù Ọ̀run Móoru wò láti ìdí: irú òwò tí ọkùnrin náà ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìdí tó fi gbé ohun tó ní lé fíìmù kan ṣoṣo, bí fíìmù náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àti ohun tó ṣe nígbà tí gbèsè ti dì mọ́ ọn lọ́rùn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Àárín àwọn ọdún 1930 ni wọ́n bí i. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, iṣẹ́ wolé-wolé ló ń ṣe nílùú Èkó, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó máa ń wọ agboolé dé agboolé láti yẹ ìkòkò omi àti ẹ̀yìnkùlé wò, tí àwọn ìyá wa máa ń torí wọn gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá rò pé aláwàdà kò lè rí nǹkan kọ́ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì rí ibi tí àgbàlagbà ti ń ṣàlàyé ìdin inú ìkòkò fún ọmọ ìjọba. Orin ló kọ́kọ́ fà á kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Ní 1964 ó dá ẹgbẹ́ olórin háílàìfù kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì wà níbẹ̀ tó ń ta gìtá fún un. Sunny Adé ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Sunny gba ọ̀nà jùjú lọ, ọ̀gá rẹ̀ sì gba ọ̀nà àwàdà.

Nígbà yẹn, eré orí ìtàgé ti di iṣẹ́ gidi nílẹ̀ Yorùbá. Hubert Ògúnǹdé ti bẹ̀rẹ̀ láti 1945, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀ tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré arìnrìnàjò sì ń pọ̀ sí i títí iye wọn fi ju ọgọ́rùn-ún lọ nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1980. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú eré wọn, ìtàn ìlú, òrìṣà, ìwà ìbàjẹ́ àti ìṣèlú ni kókó. Àwàdà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo ni wọ́n fi ń dí, kí àwọn tó kù lè ráyè pààrọ̀ aṣọ. Ẹgbẹ́ Aláwàdà tí Ọláìyá dá sílẹ̀ yí èyí padà. Àwàdà ni eré, àwàdà ni ìdí tí wọ́n fi pe èèyàn jáde nílé, kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ń dúró dè lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó gbé wá sórí ìtàgé ni Bàbá Sàlá, arúgbó kan tó háwọ́ bí ìgbín, tó fẹ́ràn obìnrin, tó sì gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ títí ọgbọ́n náà yóò fi dá a dúbúlẹ̀. Gíláàsì ojú rẹ̀ tóbi ju ojú lọ. Táì tó so mọ́ ọrùn tóbi ju àyà lọ. Aago ńlá kan wà lára rẹ̀ tó rọ̀ bí ẹni wọ ọ̀ṣọ́, bíi pé ẹnìkan kúkú wà tó fẹ́ bi í ní aago mélòó ló lù. Ohun tí àwọn tó ń wò ó lóde òní kì í sábà rántí ni pé ọkùnrin tó ń ṣe arúgbó yìí kò ju nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ yẹn, ohùn tó ń fà yẹn, bó ṣe máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn ìbéèrè owó, iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọjọ́ orí òṣèré náà bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọjọ́ orí arúgbó tó ń ṣe bá. Díẹ̀ ni òṣèré tí wọ́n ń ṣe ẹni kan ṣoṣo fún ìgbà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò sú àwọn tó ń wò wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ owó, nítorí ibẹ̀ ni ìṣẹ̀lẹ̀ yìí wà.

Bí ẹgbẹ́ òṣèré arìnrìnàjò ṣe ń jẹun kò ṣòro láti yé èèyàn. Wọ́n ní ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn àti ẹrù. Wọ́n á dé ìlú ní ọ̀sán, ọkọ̀ á máa yí ìgboro ká pẹ̀lú gbohùngbohùn, ẹnìkan á máa pariwo orúkọ eré àti ibi tí yóò ti wáyé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á gba owó ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú tàbí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á ṣeré, wọ́n á san owó gbọ̀ngàn, epo ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n á sì forí lé ìlú tó kàn. Bí ìlú kan kò bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, owó epo àti oúnjẹ ọjọ́ kan ni wọ́n pàdánù. Ọ̀la ń bọ̀. Nínú irú òwò yìí, kò sí ohun tí olè lè gbé àfi owó inú àpò ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni lè fara wé Bàbá Sàlá, ọ̀pọ̀ sì ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rí Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ síbi tí ara ọkùnrin náà wà, kó sì sanwó kó tó wọlé.

Tẹlifíṣọ̀n kò ba ètò yìí jẹ́. Ó tilẹ̀ tì í lẹ́yìn ni. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ nílùú Ìbàdàn ní October 1959, kò sì pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèré fi di ara ohun tí àwọn èèyàn ń dúró dè níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Aláwàdà gba ibẹ̀ wọ yàrá àwọn èèyàn tí ọkọ̀ wọn kò tíì dé ìlú wọn rí. Owó tí tẹlifíṣọ̀n ń san kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí Bàbá Sàlá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nílé á fẹ́ rí i fún wákàtí mẹ́ta ní gbọ̀ngàn. Fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkùnrin yìí ń fi ẹ̀rín ṣe sàárà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń rí i gbà padà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ní 1978, ìjọba àpapọ̀ fún un ní oyè MON (Member of the Order of the Niger). Mo ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n yìí nítorí pé mo gbà pé ibẹ̀ ni àṣìrò ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n kọ́ ọ ni pé bí ojú rẹ bá ti ń tàn kálẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni owó yóò ṣe máa wọlé tó. Òtítọ́ ni, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí ẹ̀rọ kankan nínú ilé oníbàárà tó lè tọ́jú ojú náà pa mọ́.

Láàárín ìgbà náà, fíìmù dé. Ọlá Balógun, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní ilẹ̀ Faransé, gbé Àjàní Ògún jáde ní 1976, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love ló ṣe olú òṣèré nínú rẹ̀, Dúró Ládiípọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Èrò tó wọ́ lọ wò ó jẹ́ kí àwọn ọ̀gá eré yòókù ṣí ojú. Ògúnǹdé pe Balógun, wọ́n jọ ṣe fíìmù Ayé, Ògúnǹdé sì tẹ̀ síwájú pẹ̀lú Jáyésinmi ní 1980. Gbọ̀ngàn Òṣèré Àpapọ̀ (National Theatre) ní Ìgánmú nílùú Èkó di ibi tí èrò ń wọ́ lọ lásìkò Àjíǹde, Iléyá àti Kérésì. Bí o bá jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèré ní ọdún wọ̀nyẹn, tí o kò sì tíì ní fíìmù, ó dà bíi pé o ti ń kẹ́yìn.

Èèyàn tún gbọ́dọ̀ rántí bí ayé ṣe rí. Owó epo rọ̀bì ti fẹ àpò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àárín àwọn ọdún 1970. Náírà kan ṣì ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ ní 1982. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ṣe fíìmù, nítorí pé fíìmù tí wọn kò tíì ya nǹkan sí, ti òkè òkun ni, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù aláwọ̀ dáadáa nílé. Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ń gbé e lọ. Ohun gbogbo tó ń jẹ́ fíìmù, láti orí rọ́ọ̀lù títí dé ẹ̀dà tí wọn yóò fi hàn, owó òkè òkun ni wọ́n fi ń san án, ìgbà tí náírà bá lágbára nìkan ni ẹni tí kì í ṣe olówó ńlá lè dán an wò. Nígbà tó sì di April 1982, owó epo ti ń já wálẹ̀, ìjọba Ṣàgàrí sì ti gbé òfin jáde láti dín owó tó ń jáde lọ sí òkè òkun kù. Àkókò tí Ọ̀run Móoru bọ́ sí nìyẹn. Ilẹ̀kùn ń tì lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń wọlé.

Ọláìyá ló gbé owó kalẹ̀, Ọlá Balógun ló darí eré. Ìtàn inú rẹ̀ ni ti ọkùnrin kan tí ọ̀ràn owó dé bá, tí àwọn gbájú-ẹ̀ lù ní jìbìtì, tí ayé sì sú u tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ó dé ọ̀run, wọ́n ní àsìkò rẹ̀ kò tíì tó. Gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa fíìmù yìí ló máa ń sọ pé ohun tó ṣe nínú eré ló padà ṣẹlẹ̀ sí i. Mo mọ̀. Ó dùn ún sọ, ṣùgbọ́n kò kọ́ wa ní nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ohun tó yẹ ká wò ni bí owó ṣe máa padà wọlé. Ilé sinimá wà ní àwọn ìlú ńlá, ṣùgbọ́n fíìmù Íńdíà, Amẹ́ríkà àti ti àwọn ará Ṣáínà tó ń jà kúńfú ló gba ibẹ̀ kan. Kò sí ètò kan tó dúró tí ẹni tó ṣe fíìmù Yorùbá lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún, kó jókòó sílé, kó sì máa gba ìpín rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀gá eré ń ṣe fíìmù bó ṣe ń ṣe eré orí ìtàgé ni. Ó ń gbé ẹ̀dà fíìmù sínú ọkọ̀, ó ń gbé ẹ̀rọ tó ń tàn án sí i, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, òun tàbí ẹbí rẹ̀ ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà gba owó. Kò lè fọkàn tán ẹnikẹ́ni láti bá a gba á, nítorí pé ẹni tó bá bá ọ gba owó nílùú mìíràn lè sọ pé òjò ni kò jẹ́ kí èrò wá. Ẹ̀dà náà kì í pọ̀, torí pé ọ̀wọ́n ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí túmọ̀ sí pé fíìmù kan lè gba ọdún méjì, mẹ́ta, kó tó yí ilẹ̀ Yorùbá ká. Gbèsè kì í dúró de ìyẹn.

Kí ẹ sì fi èyí wé eré orí ìtàgé. Ìlú tí eré kò bá tà lálẹ́ yìí, owó epo ni. Fíìmù tí kò bá tà, gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ kan kó jọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni, pẹ̀lú ohun tí wọ́n yá. Bàbá Sàlá yá owó. Gbogbo ẹ̀rín tó ti ń tà lẹ́yọ lẹ́yọ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kó o sínú agolo rọ́ọ̀lù fíìmù díẹ̀ tí ọwọ́ èèyàn lè gbé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ayé rẹ̀ tí ohun tó ń tà kò sí lára rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan ti ń dúró dè é. Fídíò ti wọ ilé àwọn tó rí owó jẹ nígbà epo rọ̀bì, àwọn tó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ń gbé e bọ̀ nínú ẹrù wọn. Ẹni tí kò ní i lè lọ wò ó ní yàrá aládùúgbò kan tó ń gba kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wọlé. Ṣọ́ọ̀bù tó ń fi kásẹ́ẹ̀tì háyà wà ní ìlú ńlá gbogbo. Nǹkan mìíràn tún wà tí wọn kì í sábà kà mọ́ ọn: ẹ̀rù alẹ́ ti ń ba àwọn èèyàn. Ìdigunjalè ti pọ̀ lójú pópó, ọ̀pọ̀ bàálé ilé kò sì fẹ́ kí ìyàwó àti ọmọ òun ti sinimá bọ̀ ní aago mọ́kànlá òru mọ́. Àwọn ẹbí yẹn gan-an ni oníbàárà Bàbá Sàlá. Wọ́n ṣì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ilé ni wọ́n ti fẹ́ rín in.

Kí Bàbá Sàlá tó rí owó rẹ̀ kó jọ lórí Ọ̀run Móoru, ẹ̀dà ayédèrú rẹ̀ ti gba ìgboro lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ẹni tó ṣe é kò níye, orúkọ sì pọ̀ nínú rẹ̀, n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo lè sọ ni èyí tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí. Rọ́ọ̀lù fíìmù kì í dà ara rẹ̀ kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó fẹ́ ṣe é yóò lo ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù sórí fídíò, èyí tí kì í sí ní ilé ẹnikẹ́ni, tàbí kó tan fíìmù náà sára ògiri nínú yàrá tó dákẹ́, kó sì fi kámẹ́rà fídíò gbà á. Ọ̀nà méjèèjì ló gba kí agolo náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Olè tó fo ògiri wọlé kọ́ ni. Ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí fíìmù gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó dé ojú aṣọ funfun ni, yálà nílé ni o, tàbí lókè òkun. Òwò fíìmù ní ọwọ́ púpọ̀. Òwò ìtàgé kò ní ju ti ẹbí àti ọmọ ẹgbẹ́ lọ, ọ̀gá eré sì mọ ìyá àti bàbá olúkúlùkù wọn.

Ta ni yóò ké sí? Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ wà, ìjọba ológun ti ṣe é ní 1970. Ṣùgbọ́n kò sí ilé iṣẹ́ ìjọba kankan tí a gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ọlọ́pàá tí o bá lọ bá ní ọdún 1982 pé wọ́n jí fíìmù mi yóò béèrè pé kí ni ohun tó sọnù, o kò sì ní lè dá a lóhùn, torí pé agolo fíìmù rẹ ṣì wà lábẹ́ ibùsùn rẹ. Òfin tuntun dé ní 1988, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989. Fún ọ̀ràn Ọ̀run Móoru, ó ti pẹ́ jù.

Ibi tí èmi àti àwọn tó ń sunkún ọ̀rọ̀ yìí ti yà kúrò lára wa nìyí. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé ọkùnrin náà ṣubú ní 1982, kò sì dìde mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1983 ló gbé Ààrẹ Àgbáyé jáde. Ó tún ṣe Mosebọ́látán, Adé Love ló darí ìyẹn fún un. Ó ṣe Ọbẹ̀ Gbóná. Èèyàn lè rò pé orí kunkun ni, pé ẹni tí iná jó kì í tún fọwọ́ kan iná. Èmi rò pé kò ní ọ̀nà mìíràn ni. Gbèsè fíìmù pọ̀ ju ohun tí owó ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lè san lọ, ohun kan ṣoṣo tó lè mú irú owó bẹ́ẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà ni fíìmù mìíràn. Ẹni tó bá ti wọ inú rẹ̀ tán, kò lè padà sídìí owó kéékèèké kó fi san owó ńlá. Orí fíìmù tó tẹ̀lé e ni ó wá ń gbé ẹrù fíìmù tó ṣáájú.

Lẹ́yìn náà ni September 1986 dé. Ìjọba Babangida ṣí náírà sílẹ̀ lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo èèyàn ń pè ní SAP, iye náírà sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Rọ́ọ̀lù fíìmù, ìfọ̀ fíìmù, ẹ̀dà fíìmù, gbogbo rẹ̀ di ohun tí ọ̀gá eré kò lè fi ojú kàn mọ́. Ní ìgbà kan náà, epo ọkọ̀ àti táyà gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń sanwó ní gbọ̀ngàn kò lówó bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń rin ìrìn-àjò bẹ̀rẹ̀ sí í tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí kò kan olè fíìmù. Àwọn tí wọn kò ṣe fíìmù rí náà kógbá sílé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ da Ọ̀run Móoru kọ, mo gbà pé ẹgbẹ́ Aláwàdà kò ní wà bó ṣe wà ní 1975 nígbà tó bá fi máa di 1990. Ìyàtọ̀ tí olè mú wá ni pé, nígbà tí àwọn yòókù ń kógbá sílé láìní gbèsè, Bàbá Sàlá ń kógbá sílé pẹ̀lú gbèsè. Kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré. Ó ba ohun tó ní jẹ́, ó sì gba okun rẹ̀ ní àkókò tó yẹ kó máa jẹ èrè iṣẹ́ ogún ọdún. Àmọ́ kí a pè é ní ohun tó jẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀gá eré yòókù rí kọ́ níbẹ̀ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ronú sí i. Wọn kò sá fún kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ olè. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn bíi Àlàdé Àròmirẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà fídíò ya eré tààrà, wọ́n ń dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó fẹ́ wò ó nínú ilé. Ohun tí ẹni tó ji fíìmù Bàbá Sàlá ti mọ̀ ní 1982, pé ilé ni oníbàárà wà, ni wọ́n fi ṣe òwò. Sinimá àgbéléwò tí a ń fi yangàn lónìí, ọjà táwọn olè kọ́kọ́ rí ni. Kò dùn mọ́ mi nínú láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀. Ní 1992, ó ṣe Àgbà Man, orí fídíò ni. Kò sí rọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kò sí agolo. Owó tí wọ́n ná sí i kò lè pa ẹnikẹ́ni, owó tí wọ́n rí níbẹ̀ náà kò sì lè sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Eré mìíràn tẹ̀lé e. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé eré orí fídíò wọ̀nyẹn kò tó ti àtijọ́, wọn kò parọ́. Ojú iná kámẹ́rà náà kò dára, ohùn ń ta kora. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ nínú wọn. Ìdákẹ́ kékeré yẹn kó tó dáhùn ọ̀rọ̀ owó ṣì wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ ti gùn sí i. Nígbà tó ń ṣe arúgbó ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ń yára gbé ara rẹ̀ bí arúgbó tó ń sá fún gbèsè. Nígbà tó ń lọ sí ọgọ́ta, ó ń rìn bí arúgbó tó mọ ẹni tó jẹ ní gbèsè dáadáa tó sì ti pinnu pé òun kò ní sá mọ́. Fún mi, ìyẹn ni eré tó dára jù nínú gbogbo èyí tó ṣe, bí kámẹ́rà tilẹ̀ burú.

Ohun mìíràn tí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kò lè mú kúrò ni àwọn tó tọ́. Òjó Ládiípọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Mẹ́rò ti inú ẹgbẹ́ Aláwàdà jáde lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú ní 1978, ọ̀dọ̀ Òjó Ládiípọ̀ sì ni Adébáyọ̀ Sàlámì tí a mọ̀ sí Ọ̀gá Bello ti kọ́ṣẹ́. Láti ibẹ̀ títí di àwọn aláwàdà tó ń ṣe eré ìṣẹ́jú kan lórí fóònù lónìí, okùn náà kò já. Àwọn tó wà lórí fóònù wọ̀nyí mọ ohun tí Bàbá Sàlá kò ráyè mọ̀: wọ́n jẹ́ kí gbogbo ayé da ẹ̀rín wọn kọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó fẹ́ polówó ọjà ló ń san owó fún wọn. Òwò tẹlifíṣọ̀n ìgbà WNTV náà ni, gbọ̀ngàn nìkan ni wọ́n yọ kúrò.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù ńlá ti gba ọ̀nà mìíràn. Ilé sinimá tuntun ń ka tíkẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà, fíìmù ń dé ibẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí kò ní ṣí láìsí kọ́kọ́rọ́ tó ní ọjọ́ àti wákàtí. Fúnkẹ́ Akíndélé, aláwàdà tí òun náà fi ẹni kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Jénífà kọ́ orúkọ, ṣe fíìmù kan ní ìparí 2023 tó kọjá bílíọ̀nù kan náírà ní ilé sinimá. Èmi kì í fi wé ti 1982, torí pé náírà méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ohun tí mo ń wò ni pé kò jókòó sẹ́nu ọ̀nà gba owó náà fúnra rẹ̀, kò sì gbé agolo kankan sínú ọkọ̀.

Ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀, Iléṣà ni Bàbá Sàlá wà, ó ń ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, ara rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Ọjọ́ 7 oṣù October 2018 ló kú. Ààrẹ ilẹ̀ Nàìjíríà kí ẹbí rẹ̀, àwọn gómìnà sọ̀rọ̀, àwọn òṣèré kọrin. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn èèyàn ń fi àjákù eré rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn láti orí fóònù dé orí fóònù, Ọ̀run Móoru wà lára wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.